Ìtàn àkúdàáyà yẹn: ẹ̀yin òǹkàwé, "ẹ kú iṣẹ́" nìkan ò tó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ ìtàn àtìgbàdégbà yín ló mú mi kọ̀wé, ti àkúdàáyà tó ń ta àmàlà ní Mararaba yẹn, tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wá ẹni tó pa á, tó parí lọ́sẹ̀ tó kọjá, pàápàá jù lọ àwọn lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé fi dá òǹkọ̀wé lóhùn tí ẹ kó jáde. Mo ka gbogbo ẹ̀. Àwọn tó kọ "ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á fi ọgbọ́n kún ọgbọ́n" pọ̀, àwọn tó ní àwọn sunkún níbi tí obìnrin yẹn ti pòórá pọ̀, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n tètè sọ ọ́ di fíìmù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú gbogbo lẹ́tà yẹn, mi ò rí ẹyọ kan tó sọ fún òǹkọ̀wé pé ibi báyìí ni mo ti mọ ẹni tó pa á, tàbí pé ibi báyìí lẹ ti tàn mí jẹ tí mo sì gbádùn ẹ̀, tàbí pé ibi báyìí lẹ ti tàn mí jẹ tí inú fi bí mi. Bẹ́ẹ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni o. Tó bá ṣe ìtàn ìfẹ́ ni, ẹ lè ní ó dùn kó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bá ẹni tó ń kà á ta ayò ni, tẹ́ ẹ bá wá ta ayò tán tẹ́ ò sọ ibi tó ti jẹ yín, báwo lònítọ̀hún ṣe fẹ́ mọ̀ bóun mọ̀ ọ́n ta?

Kíláàkì kóòtù ni mí níbí l'Abuja, Kubwa ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ẹ̀sìbíìtì, kí n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, kí n kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀bẹ ni o, fóònù ni o, aṣọ tẹ́jẹ̀ ti gbẹ sí ni o. Ẹ ẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn á ti sú mi, kò sú mi o, tí mo bá délé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ni mo tún máa ń kà, torí nínú ìtàn, ẹjọ́ máa ń parí, kò sí lọ́yà tó máa kọ̀wé pé ara òun ò yá, kò sí pé wọ́n sún un síwájú di oṣù tó ń bọ̀.

Lẹ́tà kan ṣá yàtọ̀ nínú wọn. Ẹni tó kọ ọ́ ní kò tiẹ̀ yẹ kí àkúdàáyà wọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rárá, pé tí òkú bá ti lè dìde, kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tún ń wá kiri. Mo fara balẹ̀ ka tiẹ̀ torí kì í ṣòun ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Lọ́dún 1929, àlùfáà Kátólíìkì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Knox, tóun náà ń kọ irú ìtàn yìí, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fáwọn akẹgbẹ́ ẹ̀, ìkejì ẹ̀ sì ni pé kí iwin, òkú tó dìde, idán àti gbogbo nǹkan tójú ò rí kúrò ńbẹ̀ pátápátá. Àlùfáà lẹ gbọ́ yẹn o! Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ohun tójú ò rí ló fi ń jẹun ló ní kó má wọnú ìwé òun. Àmọ́ mo yé e. Ohun tó ń sá fún ni kí òǹkọ̀wé má fi iwin rẹ́ òǹkàwé jẹ. Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá pa látinú, ẹ ní ta ló pa ọkùnrin tó wà ńbẹ̀, èèyàn ronú ronú, orí ẹ̀ fẹ́ẹ̀ fọ́, ẹ wá ní iwin ló gba ara ògiri wọlé. Ta ni ò ní bínú?

Bẹ́ẹ̀ kí Knox tó la ẹnu, William Hope Hodgson, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, ti ń kọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carnacki láti 1910, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kí wọ́n pè é sílé tí nǹkan ti ń dẹ́rù bani, á gbé kámẹ́rà ẹ̀ lọ, á fi èdìdì lẹ ilẹ̀kùn kó lè mọ̀ tẹ́nì kan bá ṣí i, nígbà míì á já sí pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà ńdìí ẹ̀, nígbà míì á sì já sí pé nǹkan ọ̀hún ni lóòótọ́. Ibi tó ti dùn ni pé èyí tó jẹ́ ò ní hàn títí tó fi máa kù díẹ̀. Nílé tiwa, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, hàn wá nínú Àjà Ló Lẹrù lọ́dún 1969, pé Yorùbá ìgboro tó fún ìtàn ọ̀daràn, kò dìgbà tó bá dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Torí náà òfin kejì Knox, èmi fagi lé e. Òfin kẹfà ẹ̀ ni mo ní kó dúró, mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àkúdàáyà kì í ṣe iwin tó kàn ń ṣe bó ṣe wù ú. Ó lófin. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn wọn lẹ́nu àgbà mọ̀ ọ́n: ẹni tó kú tí ọjọ́ ẹ̀ ò tíì pé, kì í padà sílé, ìlú tó jìnnà tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló máa gbà lọ, á ṣòwò ńbẹ̀, á lọ́kọ tàbí kó láya, á tiẹ̀ bímọ, kò sẹ́ni tó máa fura, àfi ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá fojú kàn án, ọjọ́ yẹn ló máa pòórá. Ẹ wò bí òfin yẹn ṣe mọ́ kedere, ọ̀pọ̀ òfin tí mò ń rí ní kóòtù ò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé yín sì lo làákàyè tó fi gbé e wá sápá ọ̀dọ̀ wa. Yàtọ̀ sáwọn Gbagyi àtàwọn ẹ̀yà míì tó nilẹ̀, àlejò ni gbogbo wa, oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó dé láti Èkó, kò sẹ́ni tó ń bi ẹ́ níbí pé ọmọ ta ni ẹ́ nílé, ọ́fíìsì tó o ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bi ẹ́. Ibo ni àkúdàáyà fẹ́ lọ tó tún dáa jùyẹn?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣe dáadáa ná. Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́ọ̀sì òru láti Òṣogbo fẹ́ já èrò sílẹ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, obìnrin yẹn dé ìkòkò ewédú, ó fa ìgbakọ lé ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, ó lóun fẹ́ fọ abọ́. Bẹ́ẹ̀ ní ìlà díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, òǹkọ̀wé ti sọ fún wa pé abọ́ wà ní títò lórí tábìlì, omi ṣì ń kán lára wọn. Abọ́ tó ti fọ̀ tán! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní háà, ẹni yìí mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí òǹkàwé kan tó dárúkọ abọ́ yẹn o, títí ìtàn fi parí, ẹkún ni wọ́n ń sun.

Ti láfún náà dáa. Obìnrin yìí ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lòun, ṣùgbọ́n láfún ló máa ń ro fún oníbàárà, ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá gbéra ó di Abẹ́òkúta, ó na owó ọkọ̀, ó sun òtẹ́ẹ̀lì, òfo ló mú bọ̀, torí ìyá tó kọ́ obìnrin náà níṣẹ́ oúnjẹ ló jẹ́ Ẹ̀gbá. Ẹ̀tàn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀tàn tó bófin mu, torí òǹkọ̀wé ti fẹnu ba ìyá yẹn láti ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, àwa la ò fiyè sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló wá jẹ́ ọba gbogbo ẹ̀ fún mi. Obìnrin kan láti ìlú wọn wá jẹun, ó wò ó lójú, ó pariwo orúkọ ẹ̀, ó ní ṣé ibí lo sá wá. Àkúdàáyà ní ẹ ṣì mí mọ̀ ni mà, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó gbowó ẹ̀. Kò pòórá. Kí ló dé tí ò pòórá? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa bi ara wa nìyẹn. Ṣé ẹ rí i, nílé wọn, wọn ò rí òkú ẹ̀ rí, wọ́n rò pé ó bá ọkùnrin lọ ni, ọkọ ẹ̀ àná gan-an ti ń bú u nílé ọtí. Gbogbo ará ìlú yẹn ló lè wá jẹ àmàlà níwájú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nǹkan kan ò ní ṣe é, torí wọn ò mọ̀ pé ó ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n láyé yìí. Ẹni tó pa á. Òun ló ń sá fún tí bọ́ọ̀sì Òṣogbo bá dé, kò mọ̀ pé ti Kánò ló máa bá wọlé.

Nígbà tó wá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, bọ́ọ̀sì Kánò dúró kí èrò jẹun, ìgbakọ já bọ́, obìnrin ò sí níbẹ̀ mọ́, láfún ṣì ń yọ èéfín nínú abọ́. Ó tán, kéèsì ti parí! Apànìyàn wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé kéèyàn tó wọ ọkọ̀ ńlá ní páàkì, wọ́n á gbé mánífẹ́ẹ̀sì síwájú ẹ̀, á kọ orúkọ, á kọ nọ́ńbà, á kọ nọ́ńbà èèyàn ẹ̀ tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́nà. Kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣáà lọ ka mánífẹ́ẹ̀sì, kó wo orúkọ tó bá jọ ti ìlú obìnrin náà, kó pe nọ́ńbà ẹbí tó wà ńwájú ẹ̀. Mo ti jókòó dáadáa, mò ń retí ẹ̀.

Òǹkọ̀wé wá jẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ sùn.

Ó sùn, ó lálàá, olóògbé wọ aṣọ funfun wá bá a lójú oorun, ó ní àbúrò ọkọ òun tó ń ṣòwò ní Kánò ló pa òun torí ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n mú ọkùnrin náà, ó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Olóòtú, inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun tó wà níwájú mi. Ìdáhùn tí òkú fún un yẹn náà ni mánífẹ́ẹ̀sì máa fún un, kí ló wá ń lá àlá sí! Ibí yìí ni òfin kẹfà Knox ti wúlò: èèṣì ò gbọdọ̀ ran ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ́wọ́, ọkàn ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ṣàdédé sọ òótọ́ fún un láìnídìí. Kí òkú máa ta àmàlà, mo fara mọ́ ọn, kó má ṣáà wá bá wa ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Wòlíì tó ríran, aáfà tó tẹ yanrìn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ dárúkọ ọ̀daràn kí ìtàn lè tán. Ti babaláwo tiẹ̀ sàn díẹ̀ lójú tèmi, torí ẹsẹ Ifá kì í dárúkọ èèyàn àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, á sọ ìtàn ẹnì kan láyé àtijọ́ tó ṣe báyìí báyìí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ṣì máa fẹsẹ̀ rìn kó tó mọ ibi tó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ mu. Mo rò pé ẹni tó bá mọ Ifá díẹ̀ lè fi ìyẹn kọ ìtàn tó lágbára gan-an.

Ti ìjẹ́wọ́ yẹn, ẹ̀rín ló pa mí, torí mò ń rí wọn lójoojúmọ́. Ẹni tó jẹ́wọ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, tó bá dé iwájú adájọ́ á ní wọ́n lu òun ni, wọ́n á wá dá ẹjọ́ kékeré sílẹ̀ sínú ẹjọ́ ńlá láti mọ̀ bóyá tinútinú ló fi sọ ọ́ àbí wọ́n fipá gbà á lẹ́nu ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ACJA ti 2015, òfin tá a fi ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn l'Abuja, ṣe sọ pé wọ́n lè gba ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, kí lọ́yà tàbí èèyàn afurasí sì lè jókòó tì í. Ẹ fojú inú wo lọ́yà tó máa dìde bi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé ta ló sọ fún ọ pé oníbàárà mi ló pa á, kóun ní òkú ni sà. Ìyẹn nìkan tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìwé yín!

Nǹkan kan tún wà tí òǹkọ̀wé tọ́ka sí tó wá dà nù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti sọ pé obìnrin yìí kì í gba tiransífà, owó lọ́wọ́ ṣáá ni, nílùú tí ẹni tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì gan-an ti ń sọ nọ́ńbà àkáǹtì fún èèyàn. Ọkọ ẹ̀ tuntun ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn lọ ṣí àkáǹtì, ó ń rí nǹkan sọ. Láti 2014 tí BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì ń fún oníbàárà, ti bẹ̀rẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni wọ́n ń gbà. Mo ti ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa tẹ ìka yẹn mọ́ ẹ̀rọ, kí ọmọ báńkì wo kọ̀ǹpútà, kó wo obìnrin náà, kó ní mà, orúkọ míì ló ń jáde níbí o. Kò dé ibẹ̀ rárá. Bóyá ó gbàgbé, bóyá ẹ̀yin lẹ gé e kó lè wọ ojú ewé, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ ò ṣe é re.

Mo tún fẹ́ dá òǹkàwé kan lóhùn, obìnrin tó béèrè pé kí ló dé tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò mú ìyá arúgbó tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú olóògbé nígbà tí gbogbo Mararaba mọ̀ pé àjẹ́ ni, ó wá fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ. Òwe yẹn dùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbé e dé kóòtù, ìfura lásán ni wọ́n máa pè é. Ta ló gbọ́ igbe yẹn? Aago mélòó? Ṣé ara ọmọ yẹn ò gbóná tẹ́lẹ̀? Òwe yẹn gan-an ni òǹkọ̀wé tó gbọ́n á fi tàn wá jẹ, torí gbogbo Yorùbá tó bá kà á ni ojú ẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó, ọ̀daràn á sì máa rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àti pé Penal Code, òfin ìjìyà ọ̀daràn tí Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò lọ́dún 1960, tó kan Abuja náà, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kéèyàn pe ẹlòmíì lájẹ̀ẹ́ tàbí kó fi í halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ì bá kọ́kọ́ tì mọ́lé, mà.

Èyí kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń yọ àwa tá a wà ńbí lẹ́nu. Mararaba kì í ṣe Abuja o. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Nyanya, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ ti wọ̀ yẹn, kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ibẹ̀ yàtọ̀ sí tibí. Gbogbo ayé ló ń pè é l'Abuja, torí owó ilé ibẹ̀ ò wọ́n tó ti inú ìlú, èrò á wọlé láàárọ̀ á jáde nírọ̀lẹ́, gosiló á sì ti bá wọn ṣe é lọ́nà méjèèjì, àmọ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ò gbọdọ̀ ṣi ibẹ̀ mọ̀. Apànìyàn tó bá lórí pípé á gbé òkú kọjá ààlà yẹn, kí kọmáǹdì méjì máa ti fáìlì síra wọn, ẹ ò rí i pé ìtàn tún ti dé? Àpáta Zuma náà ńkọ́, tó wà lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún náírà, ìpínlẹ̀ Niger ló wà, lápá Suleja, mo sì ti ka ìtàn tí wọ́n ti kó iwin Yorùbá kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ bi àwọn Gbagyi ná, kẹ́ ẹ tó fi èrò sínú àpáta wọn, jàre.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún, Olóòtú, ni pé kí ìpín tó kẹ́yìn ìtàn tó jáde, ẹ fún wa lọ́sẹ̀ kan ká kọ ẹni tá a fura sí ránṣẹ́, àti ìlà tó jẹ́ ká fura sí i, kẹ́ ẹ tẹ díẹ̀ nínú ẹ̀ jáde. Òǹkọ̀wé á fi mọ ibi tóun wà. Tí gbogbo wa bá ti mọ̀ ọ́n, á jẹ́ pé ó tú àṣírí jù, tí kò bá sẹ́ni tó sún mọ́ ọn rárá, á jẹ́ pé ó fi nǹkan pa mọ́ fún wa, tàbí pé òfin ẹ̀mí àìrí tó ń lò, kò tíì là á yé wa kó tó lò ó. Kò sí ẹ kú iṣẹ́ tó lè ṣe ìyẹn fún un. Àwọn tó kàn ń bú u náà, tí wọ́n ní "ìtàn burúkú" tí wọn ò sọ ibi tó burú sí, wọn ò ràn án lọ́wọ́ ju àwọn tó ń yìn ín lọ. Ẹni tó wá ní kí àkúdàáyà fẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ìparí, ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ kọ tiyín, ẹ jẹ́ kónítọ̀hún kọ tiẹ̀.

Òǹkọ̀wé, ẹ má bínú sí mi o, ẹni tó lè kọ abọ́ tómi ń kán lára ẹ̀ yẹn ò yẹ lẹ́ni tó ń lo àlá, ìdí tí mo ṣe ń pariwo nìyẹn.

Ti ìtàn tuntun tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ti ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì ní Lokoja tí wọ́n ní Mámíwọ́tà ló fà á sódò, ẹ kọ èyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi déètì sí i: atukọ̀ ni mo fura sí. Ó lóun ò mọ ọ̀gá yẹn rí láyé òun, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló léfòó, nígbà tí ọlọ́pàá ò tíì sọ ọ̀rọ̀ bàtà létí ẹnikẹ́ni. Tó bá sì já sí pé Mámíwọ́tà ni lóòótọ́, kí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ sọ fún wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ohun tí Mámíwọ́tà fẹ́ fi bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Kubwa, Abuja.